Jẹ́fítà Kọ́kọ́ Ránṣẹ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi,

Bí a bá ń ka Onídàájọ́ 11, ibi ẹ̀jẹ́ Jẹ́fítà la sábà máa ń sáré lọ. Ẹ dákun, ẹ dúró ní ẹsẹ 12. Ọba Ámónì ní Ísírẹ́lì gba ilẹ̀ òun, láti Árínónì títí dé Jábókù àti Jọ́dánì. Jagunjagun ni Jẹ́fítà. Torí ogun yìí gan-an ni wọ́n ṣe lọ bẹ̀ ẹ́ wálé láti ilẹ̀ Tóbù. Síbẹ̀, oníṣẹ́ ló kọ́kọ́ rán. Wọ́n dá a lóhùn, ó tún rán wọn padà, ó ro ìtàn ilẹ̀ náà láti ìgbà tí Ísírẹ́lì ti Íjíbítì jáde. Ọba yẹn kò gbọ́.

Bakassi, ilẹ̀ etí òkun tó wà ní ààlà àwa àti Kamẹrúùnù, ló wá sí mi lọ́kàn. Ní 1981, wọ́n pa ọmọ ogun Nàìjíríà 5 níbẹ̀, ó kù díẹ̀ kí àwa àti Kamẹrúùnù wọ ìjà. Ní 1994 ni Kamẹrúùnù gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì bá Jámánì ṣe ní 1913, ọdún kan kí wọ́n tó so Gúúsù àti Àríwá wa pọ̀, ni adájọ́ gbé ẹjọ́ kà, wọ́n sì dá Kamẹrúùnù láre ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá, 2002. Ó dun ọ̀pọ̀ wa. Ta ló bi àwọn apẹja ibẹ̀ léèrè?

Kofi Annan, tó jẹ́ Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, kò jẹ́ kó di ti ìbọn. Ó pe Obasanjo àti Paul Biya, ààrẹ Kamẹrúùnù, jókòó ní Geneva, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ tọ ààlà láti Adágún Chad títí dé òkun. Ní oṣù kẹfà 2006, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní Greentree, New York, tí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Amẹ́ríkà jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, 2008, a fa gbogbo Bakassi lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́.

Mo gbà tọkàntọkàn pé wọ́n ṣe ohun tó tọ́. Ọmọ ta ni ìbá lọ kú sínú ẹrẹ̀ ibẹ̀? Ọmọ yín ni, ọmọ tèmi ni. Àmọ́ orí àwọn kan ni ẹrù àlàáfíà yìí wúwo lé: àwọn tó fi ilé àti odò ìpẹja sílẹ̀ wá sí Cross River, tí ọ̀pọ̀ wọn pẹ́ nínú àgọ́.

Ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, àwọn ni a ó kọ́kọ́ gbà á fún, lẹ́yìn náà àwọn tó ń jókòó sọ̀rọ̀ ààlà kárí ayé. Ẹ ka ẹsẹ 12 sí 28 kí ẹ tó wá.