Àmì Dúdú Tó Wà ní Gìgísẹ̀

Ọmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Nottingham o. Màmá rẹ wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara wọn le, owó tó o fi ránṣẹ́ sì ti dé ọwọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ àbúrò ìyá mi, Màámi Ẹlẹ́lùbọ́, ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Ṣé o rántí bí wọ́n ṣe ń tiro nígbà tó o wálé ṣọdún Iléyá? Ẹ̀gún la pè é. Àmì dúdú kan ló wà ní gìgísẹ̀ wọn, kò ju hóró àgbàdo lọ. A fi òrí pa á, oníkẹ́míìsì ta ìpara fún wọn, ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ sì ní egbò ìtọ̀ ṣúgà ni, láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ la tó gbé wọn dé Ìlọrin. Dókítà awọ ara gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ sí láàbù. Mẹlanóma ni, jẹjẹrẹ awọ.

Àbẹ̀kẹ́, àrùn òyìnbó tí oòrùn ń pa ni mo pe mẹlanóma tẹ́lẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú, ibi tí oòrùn kì í dé ló sábà máa ń gbà yọ sí wa: àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́, abẹ́ èékánná. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley ti bẹ̀rẹ̀, ẹni ọdún 36 ni nígbà tó kú lọ́dún 1981.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kà nípa rẹ̀ lóru, àfi bí mo ṣe rí i pé ìlú tó o wà gan-an ni iṣẹ́ ìwádìí kan ti ń lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindy Durrant àti iléeṣẹ́ Scancell ló wà nídìí àjẹsára kan, SCIB1. Kì í ṣe bíi ti rọpárọsẹ̀ tí à ń gbà kí àrùn tó dé. Ẹni tí jẹjẹrẹ ti mú ló wà fún. Wọ́n mú àwòṣe áńtíbọ́dì, ohun tí ara máa ń ṣe láti gbógun ti àrùn, wọ́n ki ègé kéékèèké gp100 àti TRP-2 bọ inú rẹ̀, àwọn purotéènì tó máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àwọ̀ ara. DNA rẹ̀, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé, ni wọ́n ń fi síni lára, ara fúnra rẹ̀ á wá máa ṣe áńtíbọ́dì náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì alóre á gbá ìrù rẹ̀ mú, wọ́n á sì fi ègé yẹn han àwọn ọmọ-ogun ara, bí ìgbà tí ọdẹ bá ní kí ajá gbóòórùn aṣọ olè. Ajá á wá mọ ẹni tó máa lépa.

Wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ní SCIB1 pọ̀ mọ́ ipilimumab àti nivolumab, àwọn áńtíbọ́dì tó ń tú ìjánu tó de àwọn ọmọ-ogun náà. Iṣẹ́ ìjánu yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún James Allison àti Tasuku Honjo lọ́dún 2018.

Ibi tó ká mi lára nìyí. Mẹlanóma àtẹ́lẹsẹ̀ kì í sábà ní àyípadà púpọ̀ nínú DNA rẹ̀ bíi ti oòrùn, àyípadà yẹn ló sì máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ-ogun ara dá jẹjẹrẹ mọ̀. Wọ́n ní ọ̀kan lára ìdí nìyẹn tí oògùn ìjánu kì í fi í ràn án tó bẹ́ẹ̀. Àjẹsára tó ń wá sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ kiri kò dúró de àyípadà yẹn, lójú tèmi, ó yẹ kó lè ran irú ti Màámi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní HLA-A2, àmì àjogúnbá kan lára sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní, nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ní SCIB1. Wọ́n ti wá ṣe iSCIB1+ kó lè bá ara èèyàn púpọ̀ sí i mu. Ìwọ tó o wà níbẹ̀, jọ̀ọ́, bá mi béèrè: ṣé wọ́n ka irú ara tiwa mọ́ ọn? Kí wọ́n wá wa wá. A wà níbí, ẹsẹ̀ wa sì wà níbí.

Wọ́n ti gé ti Màámi kúrò, oṣooṣù la ń lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ti padà sí ìsọ̀, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé àpótí bí wọ́n ṣe ń wọn èlùbọ́. Wọ́n ní kí n kí ọ. Yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ wò lálẹ́ òní, kó o sì kọ̀wé sí mi kíá.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ.