Home theatre mi tó ń kùn bí oyin

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Adó-Èkìtì ni mo wà. Home theatre mi ń kùn hùùù ṣáá, kódà tí mo bá yí fólúùmù ẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ìyàwó mi ní ṣé oyin ló wọlé ni. Rìpẹ́rà tó wá wò ó ní ká gé ẹsẹ̀ kẹta plug, ẹsẹ̀ earth tó ń gbà wá lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀kì! Mo ní rárá o. Mo bá ń yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe yọ èyí tó ti ara tẹlifíṣọ̀n wá báyìí, kẹ́kẹ́ pa. Àṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ki tẹlifíṣọ̀n àti home theatre sí, earth méjèèjì wá ń fi wáyà yẹn pàdé, ìyẹn ló ń mú un kùn. Mo kó wọn sórí ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n kan, ó tán. Owó iṣẹ́ tí rìpẹ́rà gbà ńkọ́? Kò tíì dá a padà o.