South wo ni wọ́n ń wí?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ fi jìn mí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni mo bá ìwé kan lábẹ́ ilẹ̀kùn mi: bí mo bá fẹ́ tún lísì (àdéhùn ilé) ṣe, owó ilé kúrò ní $1,340, ó di $1,545 lóṣù. Yàrá kan náà ni o, ẹ̀rọ amúlétutù kan náà tó ń kán omi sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó lé ní 15%. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni ibi iṣẹ́ wa fi 3% péré kún owó wa, wọ́n ní iye tí ìjọba sọ pé nǹkan fi wọ́n sí i ní South ni àwọn tẹ̀ lé.

South wo? Nínú CPI, ìyẹn ìṣirò tí ìjọba fi ń mọ bí nǹkan ṣe ń wọ́n sí i, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín Amẹ́ríkà sí: Northeast, Midwest, South àti West. South yìí bẹ̀rẹ̀ láti Delaware, ó gba Florida, ó dé Texas àti Oklahoma. Ìpínlẹ̀ 16 pẹ̀lú Washington, D.C.! Ará Miami, ará Tulsa, èmi tí mo wà ní Houston, wọ́n da gbogbo wa pọ̀, wọ́n bu nọ́ńbà kan fún wa. Ìka ò dọ́gba, òrùka kan ni wọ́n rọ fún gbogbo rẹ̀.

Lóòótọ́, Houston ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmọ́ oṣù méjì-méjì ló ń jáde. New York, Los Angeles àti Chicago nìkan ló ń rí tiwọn lóṣooṣù. Àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn kìlọ̀ pé nọ́ńbà ìlú máa ń ṣe ségesège, nítorí ibi tí wọ́n ti ń béèrè owó kò pọ̀, pé kí ẹni tó ń ṣàdéhùn owó iṣẹ́ kúkú lo ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n tún dà wá pọ̀ nìyẹn!

Ní ti owó ilé, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń padà sí ilé kọ̀ọ̀kan láti béèrè iye tí ayálégbé ń san. Ayálégbé ọlọ́dún méje tí onílé ń ṣàánú wà nínú ẹ̀, ẹni tó kó wọlé lánàá náà wà nínú ẹ̀. Ti ẹni tó ni ilé tún yàtọ̀. Láti 1983, wọn ò ka ohun tó ń san fún báńkì mọ́. Iye tí ilé rẹ̀ ìbá mú wá ká ní ó fi háyà ni wọ́n ń ṣírò. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó nílé ní Katy, lẹ́bàá Houston, fi ìwé báńkì rẹ̀ hàn mí: inṣọ́ránsì àti owó orí ilé ló gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Owó orí ilé ò sí nínú CPI, inṣọ́ránsì tó wà fún ilé gan-an ò sí níbẹ̀. "Àbúrò," ni wọ́n wí, "owó wo wá ni wọ́n ń kà?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ọ́fíìsì pa ní October 2025, nọ́ńbà oṣù náà ò jáde rárá. Lánlọ́ọ̀dù tèmi ò ti ọ́fíìsì kankan o.

Ohun tí mo ń fẹ́ ò le. Wọ́n ti ní ìṣirò kan tó ń wo owó tí ayálégbé tuntun ń san, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni, ti gbogbo orílẹ̀-èdè sì ni. Kí wọ́n fọ́ ọ sí ìlú-ìlú, kí wọ́n fi àwa tó ń tún lísì ṣe kún un, kó máa jáde lóṣooṣù. Bí wọ́n bá ní ilé tí àwọn ń béèrè ò tó, kí òfin mú gbogbo ẹni tó ní ilé 100 lọ sókè láti máa fi iye tó wà lórí lísì tuntun ránṣẹ́ lóṣooṣù, láìsí orúkọ ayálégbé níbẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ kúkú wà; àárọ̀ ọjọ́ kan ò ní tán kí wọ́n tó fi ṣọwọ́. Kí agbanisíṣẹ́ tó bá sì fẹ́ fi nọ́ńbà ìjọba pinnu owó iṣẹ́ wa lo ti ìlú wa. Kí wọ́n tún ṣe nọ́ńbà kan lọ́tọ̀ fún inṣọ́ránsì àti owó orí ilé.

Àwọn ọ̀gá tó ń jókòó sí Washington ò ní gbọ́, mo mọ̀. Wọn ò gba ìwé lábẹ́ ilẹ̀kùn rí.

Ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí ni wọ́n dá fún mi láti fọwọ́ sí lísì. Bí òǹkàwé yín kankan bá mọ ibi tí owó ilé ti fi 3% péré lé ní Houston, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí yín. Mo fẹ́ kó lọ síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ayálégbé kan, Houston, Texas