Owó fírídọ̀mù ọmọ iṣẹ́ iná: irinṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi rà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Obìnrin oníṣẹ́ iná ni mí nílùú Ìbàdàn. Wáyà ilé ni mò ń ṣe, mo sì ní àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ fírídọ̀mù tá à ń ṣe fáwọn ọmọ tó bá parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló mú mi kọ̀wé yìí, mo sì fẹ́ káwọn òbí àtàwọn ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ mi kà á.

Láìpẹ́ yìí ni ìyá kan pè mí lápá Mọ́níyà pé iná ń gbé òun lára fíríìjì. Bó bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láìwọ bàtà, gìrì ni yóò fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ti wò ó, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Wáyà pupa wà níbẹ̀, dúdú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé ti aláwọ̀ ewé, wọ́n ti orí rẹ̀ padà sínú páìpù. Mo yí ilé po, mi ò rí ibi tí wọ́n ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ sí. Ilé tuntun ni o! Wáyà aláwọ̀ ewé yẹn, tó yẹ kí wọ́n so mọ́ ọ̀pá bàbà náà, ló yẹ kó gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kí bíréékà sì gé iná kó tó pààyàn. Òun là ń pè ní earthing. Nígbà tí mo dé yàrá, mo rí i pé wáyà dúdú ni wọ́n gbé súwíìṣì lé dípò pupa tó ń gbé iná wá. Bí wọ́n bá pa gílóòbù báyìí, iná ṣì wà lójú rẹ̀, ẹni tó bá gorí àga láti pààrọ̀ rẹ̀ lè bá ibẹ̀ lọ.

Mo béèrè ẹni tó ṣiṣẹ́ náà. Ìyá ní ọmọ àdúgbò ni, kò pẹ́ tó ṣe fírídọ̀mù lòun gbéṣẹ́ fún un, òun gan-an jẹ nínú ìrẹsì ọjọ́ náà.

Ọmọ yẹn kọ́ ni mo fẹ́ bá wí. Ta ló yọ̀ǹda rẹ̀? Ta ló yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́?

Òòlù, ṣísẹ́lì àti àkàbà ni ọmọ iṣẹ́ iná máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Yóò gbẹ́ ògiri, yóò tẹ páìpù, eruku yóò bò ó. Ìgbà yìí làwọn òbí máa ń wá bá mi pé, “Màdámù, ṣé lébìrà lẹ fẹ́ fọmọ mi ṣe ni?” Rárá o. Ibi tí páìpù gbà lọ lọmọ fi ń mọ bí iná ṣe ń rìn nínú ilé. Bó bá tẹ páìpù láìki sípírínǹgì bọ inú rẹ̀, igun rẹ̀ á pẹlẹbẹ, wáyà á há síbẹ̀, bí wọ́n bá sì fi agbára fà á, ara rẹ̀ á bó. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìwọ̀n wáyà, ìyẹn bí bàbà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó (mm²): 1.5 fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù. Mo máa ń ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n fi ìka mọ 1.5 yàtọ̀ sí 2.5, torí wáyà tí wọ́n kọ 2.5 sí lára wà lọ́jà tí bàbà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tí ìka rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, ìwé ara wáyà ni yóò gbà gbọ́, ògiri oníbàárà ni yóò sì gbóná.

Gbogbo èyí ń gba àkókò, ó ń gba owó. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ ìyọ̀ǹda, ẹ wo ibi tówó ń lọ: ankóò, kánópì, kúlà ìrẹsì, ayàwòrán. Àwa ọ̀gá náà á gba owó, a á gba ọtí, ẹgbẹ́ á gba tiwọn. Lọ́jọ́ kejì, tẹ́sítà kan àti páláyà kan lọmọ ní, kò ní mítà tí yóò fi yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò.

Mi ò ní ká má ṣàdúrà o. Àdúrà ọ̀gá ṣe kókó, èmi náà kúnlẹ̀ gbà á. Lọ́dọ̀ mi, ọ̀gá mìíràn ló máa ń wá yẹ ọmọ wò. Ọmọ á wáyà yàrá kan láti orí páìpù dórí earthing, ọ̀gá yẹn á tú gbogbo rẹ̀, á bi í léèrè. Ọmọbìnrin tó ṣe tirẹ̀ kẹ́yìn, fùfú ni ìyá rẹ̀ ń tà. Ìyá yìí ti ń dá àjọ fún páátì. Mo bẹ̀ ẹ́, a ro àmàlà ní ṣọ́ọ̀bù, a gbàdúrà, a sì fi owó àjọ ra dírílì, mítà àti àpótí irinṣẹ́. Ìyá náà gbé àpótí yẹn lérí fúnra rẹ̀ délé, tí inú rẹ̀ ń dùn. Ọmọ náà ti ń gbaṣẹ́ báyìí.

Ohun tó kù ni ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní trade test, tí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe, láti ipele 3 dé ipele 1. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá ló ń sá fún un torí wọn ò kàwé púpọ̀. Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rán akọ̀ròyìn yín síbẹ̀. Kó béèrè ìwé tọ́mọ yóò mú lọ, iye tí wọ́n ń gbà, bóyá ọmọ lè fi Yorùbá dáhùn, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé ìròyìn yín kí gbogbo òbí rí i kà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníná, Ìbàdàn