Bùnmi, Má Ra Tíì Tí Wọ́n Ní Ó Ń Fọ Ẹ̀dọ̀

Ìbàdàn

Bùnmi ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo sì kí gbogbo ará ilé. Ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù.

Mo rí àwòrán tíì ọlọ́jọ́ 14 tí o fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń fọ ìfun, ó sì ń fọ ẹ̀dọ̀. Jọ̀ọ́, má rà á. O ní ẹni tó ń tà á sọ pé oúnjẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ìfun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irọ́ ni. Oúnjẹ sábà máa ń lo wákàtí 2 sí 4 nínú àpòlúkù. Ìfun tẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn tó mítà 6, á fi wákàtí mélòó kan fa èyí tó wúlò nínú rẹ̀. Ìfun ńlá ló ń pẹ́ jù, ó lè tó ọjọ́ kan sí méjì, torí ibẹ̀ ni omi ti ń padà sára. Awọ inú ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ pàápàá ń bó, tuntun sì ń rọ́pò rẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 5. Kí ni ìdọ̀tí ọlọ́dún gbọọrọ yóò wá lẹ̀ mọ́?

Ẹ̀jẹ̀ tó ti ìfun jáde kì í gba ọ̀dọ̀ ọkàn lọ tààrà. Iṣan ńlá kan ń kó o lọ sínú ẹ̀dọ̀ ná, bí ẹrù tó gúnlẹ̀ sí èbúté tí aṣọ́bodè gbọ́dọ̀ tú wò kó tó wọ ìlú. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀ ló ń gba ibẹ̀ wá. Níbẹ̀ ni a ti ń pa kòkòrò tó bá yọ́ wọlé. Níbẹ̀ náà ni amóníà, oró tó ń jáde nígbà tí ara bá ń tú ẹran àti ẹ̀wà palẹ̀, ti ń di yúríà tí kíndìnrín lè dà sínú ìtọ̀. Ìdọ̀tí tí kò lè yọ́ nínú omi, òróòro ni ẹ̀dọ̀ ń pò ó mọ́, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Púpọ̀ nínú òróòro yìí ni ìfun tún ń fà padà, àfi bí fáíbà, apá oúnjẹ tí ìfun kò lè tú palẹ̀, tó pọ̀ nínú ẹ̀wà, bá dì í mú. Nígbà náà, ẹ̀dọ̀ á fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù láti inú ẹ̀jẹ̀ kó lè ṣe òróòro mìíràn. Ìdí tí ẹ̀wà fi dára nìyẹn.

Jẹ́ kí n fi paracetamol ṣe àpẹẹrẹ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ń so nǹkan mọ́ ọn kó lè bá ìtọ̀ lọ. Díẹ̀ ló ń di oró, ohun kan tó ń jẹ́ glutathione á sì gbá a mú kíá. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju hóró 500 mg mẹ́jọ lọ ní wákàtí 24. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, glutathione lè tán, oró náà á sì dojú kọ ẹ̀dọ̀. Ó burú ní ti pé ọjọ́ kìíní lè kọjá láìsí ju èébì lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni ojú á tó máa pọ́n bí ìyeyè. Oògùn tó ń ká oró náà wà nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kí wákàtí 8 tó pé ló dára jù láti gbà á. Bùnmi, ọ̀pọ̀ nínú oògùn òtútù tí ẹ ń pò mọ́ omi gbígbóná lọ́hùn-ún ní paracetamol nínú. Ẹni tó mu ún, tó tún gbé hóró méjì mì, ti lo oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ omi ara tó lítà 180 lójúmọ́, wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ padà, àyàfi lítà kan sí méjì tí a ń tọ̀. Omi ni wọ́n ń fẹ́, wọn ò fẹ́ tíì.

Ewé sẹ́nà ló sábà máa ń wà nínú irú tíì bẹ́ẹ̀. Ó ń mú ìfun ńlá sún kì, ni ìgbẹ́ fi ń ṣàn. Omi ni ara sì ń pàdánù tí òṣùwọ̀n fi ń wálẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá. Pọtásíọ́ọ̀mù, iyọ̀ kan tí ọkàn nílò láti máa lù déédéé, ń bá a lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ọ tọ̀ ti ń kó pọtásíọ́ọ̀mù lọ tẹ́lẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé, ọkàn lè máa lù ségesège. Àgbo jẹ̀dí inú ògógóró náà kò sàn jù: iṣẹ́ ọtí ni o tún fi kún ti ẹ̀dọ̀.

Ní ti inú kíkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, fáíbà ni kí o wá, bíi gíráàmù 30 lójúmọ́. Kọ́ọ̀pù ẹ̀wà sísè kan ní bíi 11. Ògì tí a ti sẹ́ èérí rẹ̀ dànù kò ní tó bẹ́ẹ̀. Fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o sì máa mu omi sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ. Ẹ̀pà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ilé, ṣà á dáadáa. Èyí tó bu tàbí tó yí àwọ̀, dà á nù; dídín kì í pa gbogbo oró inú rẹ̀, oró náà sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Sọ fún dókítà rẹ pé kó ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, fún ọ. Bí kò bá sí lára rẹ, gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n bí ojú bá pọ́n bí ìyeyè, tí ìtọ̀ dúdú bíi kóòkì, tàbí tí ìgbẹ́ funfun bí ẹfun, má dúró de ọjọ́ àdéhùn, lọ lọ́jọ́ náà.

Kó gbogbo oògùn tó wà nílé dání lọ bá apòògùn, títí kan ibuprofen tí o ń lò fún orúnkún, torí ó lè pa kíndìnrín lára, pàápàá bí ara kò bá lómi. Kọ ohun tí ó bá sọ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣadé