Ìdí Tí Ẹṣin Wa Kì Í Fi Jáde Nígbà Mìíràn, Bí Ẹ Tilẹ̀ Ti Sanwó

Ẹ̀yin oníbàárà wa tí ẹ ń háyà ẹṣin wa fún òde ní Ilé-Ifẹ̀, Modákẹ́kẹ́ àti Ilésà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú òjò tó ń rọ̀ yìí.

Láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìdílé méjì ni a dá owó wọn padà nígbà tí òde ku ọ̀la. Inú bí wọn, ó sì tọ́ kí inú bí wọn. Ẹni tó ti sọ fún àwọn àna pé orí ẹṣin ni ọkọ ìyàwó yóò wà wọlé, tí a wá pè lálẹ́ pé ẹṣin kò ní lè wá, báwo ni kò ṣe ní bínú? Mo ti lọ bẹ̀ wọ́n nílé, mo tún ń bẹ̀ wọ́n níbí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo yín mọ ohun tó fà á, torí pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, ohun kan náà ni màá ṣe.

Eégbọn ni.

Ẹ̀jẹ̀ tí eégbọn ń mu kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí máa ń gba ẹnu eégbọn bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin. Oríṣi méjì ni: Theileria equi àti Babesia caballi. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i, tí wọ́n bá sì fẹ́ jáde, wọn á bẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà. Ẹni tí ibà ẹ̀fọn ti dá dùbúlẹ̀ rí á tètè lóye rẹ̀, torí bí ibà ṣe ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tiwa náà nìyẹn. Ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 30 lẹ́yìn tí eégbọn bá ti jẹ ẹṣin kí àìsàn tó yọjú. Nítorí náà, eégbọn tó gun ẹṣin ní òde yín lónìí, òde ẹlòmíràn ní oṣù tó ń bọ̀ ni ẹṣin náà lè ṣubú sí.

Ọdún tó kọjá ni ojú mi là sí i. Ẹ rántí ẹṣin funfun wa, èyí tí àwọn ọmọdé ń pè ní Ẹyẹlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò fẹnu kan ọkà bàbà. Bàbá tó ń bá wa tọ́jú ẹṣin, tó dàgbà sídìí ẹṣin ní Kánò, fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó ní ara rẹ̀ ń gbóná, kí n má jẹ́ kó jáde. N kò gbọ́. Òkú àgbà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe lọ́jọ́ kejì, owó sì ti wọlé. Mo ra oògùn tí mo rò pé ó yẹ, mo gún un, mo sì fi abẹ́rẹ́ kan náà gún àwọn mẹ́ta yòókù, kó má baà ràn wọ́n. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, abẹ́rẹ́ yẹn ló dùn mí jù, torí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ tó láti gbé kòkòrò náà dé ara ẹṣin mìíràn, láìsí eégbọn kankan níbẹ̀.

Ẹyẹlé rìn dé Lágere, ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìtọ̀ rẹ̀ dà bí omi ìsápá. A ṣí ètè rẹ̀: èrìgì tó yẹ kó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ti ṣì, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. A gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí kòkòrò náà. Dókítà ẹran gún un ní imidocarb, oògùn tó lè mú kí ẹṣin máa da itọ́ kí inú sì máa run ún, ìdí nìyí tí ẹni tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ kò fi gbọ́dọ̀ dán an wò. Ọlọ́run yọ Ẹyẹlé. Ṣùgbọ́n abo dúdú wa, ọ̀kan nínú àwọn tí mo fi abẹ́rẹ́ yẹn gún, lóyún nígbà náà. Oyún ọ̀hún bàjẹ́. N kò lè búra pé èmi ni mo fà á, àmọ́ dókítà sọ pé àìsàn yìí ń ba oyún jẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi.

Kò sí àjẹsára fún un. Ẹṣin tó gbádùn lè ṣì gbé Theileria sínú ẹ̀jẹ̀ títí ayé rẹ̀, kó máa rìn, kó máa jó, síbẹ̀ kí eégbọn máa ti ara rẹ̀ kó o fún òmíràn. Ní 2009, ẹṣin bí 300 ni wọ́n rí i lára wọn nínú oko ńlá kan ní Texas, ní Amẹ́ríkà, níbi tí owó àti dókítà pọ̀ sí.

Ní báyìí, a ń fi tẹmómítà wo gbogbo ẹṣin ní àárọ̀ ọjọ́ òde. Èyí tí ara rẹ̀ bá kọjá 38.5, kò ní jáde. Bí a bá ní òmíràn, a ó gbé e wá. Bí kò bá sí, gbogbo owó yín ni a ó dá padà. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Ohun tí mo sì ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má so ẹṣin wa mọ́ ẹ̀gbẹ́ màlúù tí ẹ fẹ́ pa fún ìnáwó, ẹ má sì so ó sínú igbó etí ilé. Ibi gbígbẹ tí a gbá mọ́ ni kí ẹ fún un.

Ẹ̀yin olóyè tí ẹ ní ẹṣin tiyín, ẹ máa wo inú etí, abẹ́ gọ̀gọ̀, ìdí ìrù àti àárín itan, torí ibẹ̀ ni eégbọn ń sá sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi Amitraz, oògùn eégbọn tí a ń fọ́n sára ajá àti màlúù, fọ́n ẹṣin. Ó ń dá ìfun ẹṣin dúró, ó sì lè pa á. Ẹ bi dókítà ẹran léèrè èyí tó yẹ.

Àwọn ìyá kan ti bi mí bóyá àwọn ọmọ lè kó o bí wọ́n bá gun ẹṣin. Rárá o. Kì í ràn nípa fífọwọ́kàn tàbí èémí, àìsàn ẹṣin ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti san àsansílẹ̀ fún oṣù Disẹ́ńbà, ẹ lè wá wo ẹṣin yín ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú òde. Bàbá yóò ṣí ètè rẹ̀ hàn yín.