Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Idà Àtijọ́ àti Ọ̀bẹ Tí Wọ́n Kó Ní Ìsọ̀ Wa

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa àti àwọn káńsílọ̀,

Ẹ̀yin àgbà wa, a kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa tí à ń rọ ọ̀bẹ, tí a sì ń tọ́jú idà àtijọ́ ní Èkó yìí là ń kọ̀wé. Kò sí alápatà tàbí alásè gidi kan nílùú yìí tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ wa.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ yín kan ya wọ ìsọ̀ wa, wọ́n ní ohun ìjà la kó pamọ́. Wọ́n kó ọ̀bẹ ìdáná tí oníbàárà ti san àsansílẹ̀ lé lórí. Sípíríìn mọ́tò tí a rà ní Ládípọ̀ la fi rọ wọ́n: a fi iná pọ́n ọn, a rì í sínú òróró kí ó le, a tún yá a lórí iná díẹ̀ kí ó má baà ṣẹ́. Ta ni yóò fi irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ jalè?

Èyí tó dùn wá jù ni ti àwọn idà. Idà olójú méjì kan wà níbẹ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àgbà, okùn idẹ ni wọ́n fi wé èèkù rẹ̀. Wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, gbogbo wa la gbọ́ bí èèkù náà ṣe là. Ìta gbangba ni wọ́n wá dà wọ́n sí, tòjò tòòrùn, nínú afẹ́fẹ́ oníyọ̀ Èkó yìí! Irin tí a kò bá fi òróró pa yóò dípẹtà. Ara dúdú idà àtijọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí. Bí ẹnìkan bá mú sáńpépà ha á, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 lórí ìtọ́jú ohun àtijọ́ ka iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí a ṣe ṣáájú ọdún 1918 mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. A kì í ta idà wọ̀nyí, a kì í gbé wọn kọjá bodè. Ta ló wá ń bà wọ́n jẹ́ báyìí? Ẹ foríjì wá bí ọ̀rọ̀ bá le.

A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó wọn wọlé lónìí, kí ẹ gbà wá láyè láti wá fi òróró pa wọ́n, kí ẹ sì dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n. Wọn kò fún wa ní ìwé kankan nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù wa. Bí ìwé àṣẹ bá yẹ ká ní, a ó gbà á.



Àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń sọ pé kí a gbé ẹwìrì sílẹ̀, kí a ti ìsọ̀. Àwa àgbà ṣì ń pẹ̀tù sí wọn nínú, títí di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé Ẹgbẹ́